Ìwé Oúnjẹ Tí Mo Rà ní Salvador



Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìnàjò àti ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù fún ẹnì kan, nítorí náà ìlú kan àti ìwé kan péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìlú náà ni Salvador, olú ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsílì. Ìwé náà ni *A Arte Culinária na Bahia*, tí Manuel Querino kọ lórí oúnjẹ Bàhíà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1928, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò lọ́jú pọ̀: ìwé oúnjẹ yìí wà lára ìwé ìtàn Yorùbá. Èdè Potogí ni wọ́n fi kọ ọ́, ọmọ Bùràsílì ló kọ ọ́, síbẹ̀ ó yẹ kí a fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, èyí tí òun náà jáde ní 1921 nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú. Johnson sọ ìtàn ọba àti ogun fún wa. Querino sọ ohun tí àwọn tí ogun kó lọ ń sè jẹ nígbà tí wọ́n dé òkè òkun.

Ìrìnàjò ráńpẹ́ ni tèmi. Mo gba São Paulo kọjá kí n tó dé Salvador, n kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò ní pẹ́ nílùú, tí ó fẹ́ rí gbogbo rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan dáadáa. Nítorí náà mo ti pinnu kí n tó kúrò nílé pé oúnjẹ nìkan ni n ó tọpa. Ilé ayé àtijọ́ pọ̀ ní Salvador. Láti 1549 ni àwọn Potogí ti tẹ ìlú náà dó, òun sì ni olú ìlú Bùràsílì títí di 1763. Apá kan wà lókè, apá kan wà nísàlẹ̀ létí omi, ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda sì ti ń gbé èrò láàárín méjèèjì láti 1873. Mo gba Pelourinho kọjá, àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n sọ ní orúkọ òpó tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba. Àwọn ilé ibẹ̀ lẹ́wà, UNESCO sì ti kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 1985. Mo wò wọ́n, mo sì ń bá ọ̀nà tèmi lọ.

Rio Vermelho ni mo ń lọ, àdúgbò etí òkun tí wọ́n ti ń bọ Yemọja ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá alákàrà a máa pàtẹ síbẹ̀. Òórùn epo pupa ló kọ́kọ́ pàdé mi, kí n tó rí ẹni tí ń dín àkàrà. Aṣọ funfun gbàgẹ̀dẹ̀ ló wọ̀, ó wé gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó ti àtẹ rẹ̀ bí ẹni tí ó ni gbogbo òpópónà náà. Erèé tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti lọ̀, wà nínú ọpọ́n ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i, ata kò sí nínú rẹ̀. Ó ń fi ọmọrogùn igi lù ú, ó ń yí i sókè sódò kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀, ó wá ń bù ú sínú epo gbígbóná.

Nígbà tí ó kàn mí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ ní gbígbóná tàbí ní tútù. Àkàrà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú epo jáde kò lè tutù o. Ata ló ń bèèrè. Mo ní gbígbóná. Ó fi ọ̀bẹ la àkàrà náà láàárín, ó ki *vatapá* sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì rírẹ, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú, omi àgbọn àti epo pupa sè. Ó fi *caruru* lé e, èyí tí í ṣe ọbẹ̀ ilá. Ó fi tòmátò gígé àti edé gbígbẹ parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ yóò kọ́kọ́ rò pé ẹrù ti pọ̀ jù lórí àkàrà yìí. Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gé etí rẹ̀ jẹ lásán, láìfi ọbẹ̀ kankan kàn án, àkàrà tí mo mọ̀ láti kékeré ni.

Àwọn tí wọ́n mọ ilé òrìṣà ní Bàhíà á sọ fún yín pé Ọya ló ni àkàrà. Ìbejì ló ni ọbẹ̀ ilá yẹn. Nínú oṣù Kẹsàn-án, nígbà ọdún Ìbejì, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọdún àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião, ọmọ kéékèèké méje ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún kí àgbà kankan tó fọwọ́ kàn án. Lónìí, àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí wọ́n ń dín àkàrà kan náà, tí wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Jésù. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ènìyàn lè jẹ nínú ohun tí ìyá-ńlá ẹlòmíràn fi sílẹ̀, kí ó sì máa wá ọ̀nà láti pa orúkọ ìyá-ńlá náà rẹ́.

Ìyá-ńlá tí mo ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Lásìkò oko ẹrú, ètò kan wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní *ganho*. Obìnrin tí ó jẹ́ ẹrú a máa gbé igbá oúnjẹ kiri ìgboro. Yóò san iye owó tí wọ́n bù lé e fún olówó rẹ̀, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù a di tirẹ̀. Nínú èyí tí ó ṣẹ́ kù yẹn ni àwọn kan ti ń ṣa owó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi ra ara wọn padà, tí àwọn mìíràn sì ra ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i: àkàrà àti ẹ̀kọ ni wọ́n fi ra òmìnira. Nítorí náà, nígbà tí IPHAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ Bùràsílì tí ó ń bójú tó ohun àjogúnbá, kọ iṣẹ́ alákàrà sínú ìwé àwọn ìmọ̀ àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà ní 2005, gbèsè àtijọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2014 sì ń bọ̀, tí òfin FIFA lórí ọjà títà fẹ́ lé àwọn alákàrà kúrò láyìíká pápá Fonte Nova, ẹgbẹ́ wọn kò gbà. Wọ́n kó ìwé ẹ̀bẹ̀ jọ, wọ́n jáde pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n sì gba àyè.

Mo wá dé orí ìwé náà. Nínú ilé ìtàwé kan ni mo ti rí àtúntẹ̀ rẹ̀, ìwé tí kò nípọn rárá. Ǹ bá ra ìlẹ̀kẹ̀, ǹ bá ra àwòrán Pelourinho tí àwọn àlejò máa ń rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rin ìrìnàjò ráńpẹ́, títọ́ wò ló lè tọ́ oúnjẹ ìlú wò, kò sí àyè fún un láti kọ́ ọ. Ìwé ló lè gbé ẹ̀kọ́ náà dé ilé fún un.

Ta ni Manuel Querino? Ní 1851 ni wọ́n bí i ní Santo Amaro, ìlú kan tí kò jìnnà sí Salvador. Aláwọ̀ dúdú ni, òmìnira sì ni wọ́n bí i. Àjàkálẹ̀ àrùn onígbáméjì tí ó jà ní Bàhíà ní 1855 sọ ọ́ di ọmọ òrukàn, olùkọ́ kan ló sì gbà á tọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán yíyà, ó di olùkọ́ iṣẹ́ náà, ó dá sí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó di ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú Salvador, ó sì jà fún òpin oko ẹrú títí tí òfin fi pa á rẹ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ní Bàhíà, dókítà Nina Rodrigues jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ń kọ̀wé pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò pé tó ti aláwọ̀ funfun, Querino lo ẹ̀yìn ayé rẹ̀ láti fi ẹ̀rí kó ọ̀rọ̀ náà dànù. Ní 1916, ó gbé ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọmọ Áfíríkà àti àṣà wọn ní Bàhíà síwájú àpérò onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé tí wọ́n ṣe ní Salvador. Ní 1918, ó kọ òmíràn láti fi hàn pé aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tí ó kọ́ Bùràsílì. Ìwé oúnjẹ ló tẹ̀lé wọn, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe. Ẹni tí ó bá rò pé arúgbó kan ń fi ọbẹ̀ ṣeré ni, kò mọ irú ọkùnrin tí Querino jẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó gbọ́ Potogí ló bá mi tú ìwé náà, mo sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé àjákọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, ẹni tí ó ti ju ọgọ́rin ọdún lọ, tí ó sì ta oúnjẹ jẹ gbogbo ìgbà agbára rẹ̀. Màmá, bí a ti ń pè wọ́n, jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, mo ń kà á fún wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àkàrà. Querino ní kí a rẹ erèé sínú omi tútù títí èèpo rẹ̀ yóò fi rọrùn láti bó, kí a sì lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Ó ṣàpèjúwe òkúta náà, ó tilẹ̀ wọ̀n ọ́n: gígùn rẹ̀ jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n ti sá ojú rẹ̀ kí ó lè mú, òkúta mìíràn tí kò tó o ni wọ́n sì ń fi lọ nǹkan lórí rẹ̀. “Ọlọ àti ọmọ ọlọ,” ni Màmá wí. “Ọkùnrin tí ó kọ ọ́, ó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ ni.” Òótọ́ ni. Ẹni tí kò jókòó tì wọ́n kò lè mọ̀ pé wọ́n ń sá ojú ọlọ.

Mo ka èyí tí ó pè ní *adô*: àgbàdo tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi epo pupa pò, tí èèyàn sì lè fi oyin kún un. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àádùn.” Mo ka *efun-oguedê*: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, wọ́n bó o, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n gún un nínú odó, wọ́n sì sẹ́ ẹ. “Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn.” Mo dé orí *olubó*. Querino ní kí a bó ẹ̀gẹ́, kí a gé e pẹlẹbẹ, kí a sá a sóòrùn. Nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí a gún un, kí a sẹ́ ẹ, kí a da omi híhó lé e lórí kí ó di òkèlè, kí a sì fi ọbẹ̀ ilá tàbí ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Màmá gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

“Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn ò rẹ ẹ́ ni?”

“Kò sọ pé kí a rẹ ẹ́, Màmá.”

“Láfún kọ́ nìyẹn o. Láfún ò lè ṣe kó má rẹ́mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ṣe ẹ̀gẹ́ yẹn.”

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbi tí Màmá ti dá mi dúró yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìwé oúnjẹ ti di ìwé ìtàn. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn Áfíríkà. Ilẹ̀ Bùràsílì àti agbègbè rẹ̀ ló ti wá, àwọn Potogí ni wọ́n gbé e kọjá òkun wá sí etíkun wa. Obìnrin Yorùbá tí wọ́n tà sí Bàhíà bá ẹ̀gẹ́ lọ́pọ̀ yanturu níbẹ̀. Mo gbà pé ohun tí ó ṣe ni pé ó mú ọ̀nà tí ó ti mọ̀ nílé, gígé, sísá, gígún àti sísẹ́, ó fi ṣe gbòǹgbò tí ó bá lọ́wọ́, orúkọ èlùbọ́ kò sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ìwé ìdájọ́ tàbí ìwé ọkọ̀ ojú omi tí ó lè sọ èyí fún wa. Ìlà díẹ̀ nínú ìwé oúnjẹ ló sọ ọ́, ìyá arúgbó tí kò gbọ́ Potogí ló sì rí i níbẹ̀.

Ẹ̀kuru ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Querino ní wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n ọn, wọ́n ń fi ooru omi sè é, wọ́n á wá rún un, wọ́n á fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, tàbí kí wọ́n fi oyin jẹ ẹ́. Màmá gba ti epo. Wọ́n ní ti oyin kò sí nínú ohun tí ìyá àwọn fi han àwọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n lọ ra oyin wá. A fi oyin jẹ ẹ̀kuru. Wọn kò sọ pé ó dára, wọn kò sì fi sílẹ̀ nínú àwo.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra o. Oúnjẹ Bàhíà kì í ṣe tiwa nìkan, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń jalè. Ìrẹsì àwọn Háúsá wà nínú ìwé Querino, èyí tí wọ́n ń fi ẹran gbígbẹ jẹ. Àwọn Fọ̀n wà níbẹ̀, àwọn ará Àngólà àti Kóńgò wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe epo pupa gan-an ní Bàhíà, *dendê*, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Àngólà ni. Àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ Bùràsílì tẹ́lẹ̀ ló fi ẹ̀gẹ́ hàn gbogbo wọn, àwọn Potogí sì mú ti ìlú wọn wá. Síbẹ̀, níbi tí erèé, èlùbọ́, ẹ̀fọ́ àti àádùn bá ti jókòó pọ̀ nínú ìwé kan, ọmọ Yorùbá tí kò bá kà á ti fi ohun púpọ̀ du ara rẹ̀.

Oúnjẹ náà kò sì lọ láìpadà. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde sí àwọn amúnisìn ní Salvador ní oṣù Kìn-ín-ní 1835, ìjọba Bàhíà fi ayé ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti dòmìnira lára, wọ́n lé àwọn kan, ọ̀pọ̀ sì wọkọ̀ padà fúnra wọn. Wọ́n dé sí Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Ní Èkó, a pè wọ́n ní Àgùdà. Nínú ohun tí wọ́n gbé dé ni frejon, ẹ̀wà tí wọ́n ń sè títí yóò fi rọ̀ jẹ̀bẹ̀tẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n sì ń fi omi àgbọn sè lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn ìdílé tí ó ní í ṣe pẹ̀lú Àgùdà ní Èkó kì í fi í ṣeré, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́, àwọn aládùúgbò á sì máa gbé abọ́ wá. Ẹ̀wà tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ di alágbọn, ó tún padà wá jókòó sí Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn ní Èkó.

Nílé wa níbí, ìwé irú èyí kò ṣàìsí. Ní 1934, Mars àti Tooley ṣe ìwé oúnjẹ Yorùbá kan tí ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ̀ jáde, wọ́n sì fi orúkọ Kúdẹtì ní Ìbàdàn sọ ọ́, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wà, èyí tí ó dara pọ̀ mọ́ ti Èkó ní 1950 tí ó sì di St. Anne’s. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ti Querino. Ẹ wo bí yóò ti dára tó bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá lè ka méjèèjì pọ̀, kí wọ́n máa wo oúnjẹ kan náà ní etí òkun méjèèjì nínú sáà kan náà.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí ìwé Querino, ẹ̀sùn náà kò sì kéré lójú mi. Lábẹ́ àkàrà, kò sí orúkọ obìnrin kan. Lábẹ́ ẹ̀kuru, lábẹ́ èlùbọ́, kò sí. Wọ́n jẹ́ kí ó jókòó ti ọlọ wọn, ó wọn òkúta náà, kò sì kọ orúkọ ẹni tí ń lọ̀ ọ́. Kò sì sọ iye erèé tàbí iye epo. Ọ̀nà ló sọ, kò sọ ìwọ̀n. Bóyá kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ alásè nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwa lè bèèrè báyìí, àwọn tí a ó bi ṣì wà láàyè.

Nítorí náà ni mo ṣe mú ìwé àjákọ kan dání wá síbí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ti kún: orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìlú wọn, ọdún tí wọ́n bí wọn, ẹ̀kuru bí wọ́n ṣe ń sè é, agolo mílíìkì mẹ́rin erèé, irú ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ọn, àti ẹni tí ó kọ́ wọn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Pópó Àgùdà wà láàárín yín. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kànáfùrù ń wọ frejon ní ilé yín, ìgbà wo ni ṣúgà ń wọ inú rẹ̀, ẹja wo ni ẹ fi ń jẹ ẹ́, àti orúkọ ìyá àgbà tí ó kọ́kọ́ sè é fún yín. Tí ìbéèrè bá ti parí, ẹ bá mi lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn yìí. Gègé wà lọ́wọ́ mi.